Ọjọ́ Tí Wọ́n Wọn Afẹ́fẹ́ Ilé Bàtà

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ìrọ̀rí ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ti tẹ́lẹ̀ a máa kéré, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹ̀fọn tó yó pa, Ròkíátù á sì ti fọ̀ ọ́ kúrò kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó kírun Àsùbáà tán. Ti ọjọ́ yìí fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ti ìrọ̀rí náà bọ abẹ́ àwọn aṣọ tó fẹ́ fọ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tó ń fi òwú nu ẹran ìdí eyín rẹ̀. Òwú náà ti pọ́n.

"Bàbá Ìbíwùnmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbi iṣẹ́ lónìí."

Ṣàmsúdéènì fa ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn kan yọ nínú àpótí, ó wọ̀ ọ́, ó sì de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti ọrùn dé ọrùn ọwọ́. Ooru oṣù kẹta ti ń mú láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, kò sí ọkùnrin kan nínú agbo ilé tó wọ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n Ròkíátù mọ ohun tí ṣẹ́ẹ̀tì náà ń bò. Láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé èjìká, ara ọkọ rẹ̀ ti dá àpá dúdú-dúdú bí ara ẹni tí wọ́n fi igi lù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lù ú. Bí ọmọ wọn bá di apá rẹ̀ mú lásán, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ojú ìka ọmọ náà á ti hàn síbẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ. Òní ni ará ìjọba ń bọ̀. Ṣàkírù ní ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lónìí, kó jókòó sílé rẹ̀ lọ gbére."

Ṣàkírù yìí ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé bàtà Ọ̀gbẹ́ni Adéyanjú, ilé gbọọrọ onípáánù tó wà lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè ní Ìfọ̀. Bàtà sáńdáàlì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Sólúṣọ̀n ni wọ́n fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ awọ, àgbá-àgbá sì ni sólúṣọ̀n náà ń ti Èkó wá. Òórùn rẹ̀ máa ń bá àwọn ọkùnrin wálé, á wọ inú irun wọn, á wọ inú oúnjẹ. Ní ọ̀sán àná ni Ṣàkírù ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Èkó tòun ti ẹ̀rọ tó fi máa wọn afẹ́fẹ́ inú ilé iṣẹ́, nítorí òfin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ: fèrèsé ń wà ní ṣíṣí lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí ń ṣàìsàn, ọ̀gá ń ṣe dáadáa sí wa.

Nígbà tí Ròkíátù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Fàúsátù ti dáná. Fàúsátù ni ìyàwó Mùíbì, tóun náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé bàtà. Ó ti pẹ́ nínú agbo ilé ju Ròkíátù lọ, nítorí náà Ìyá Hàkímù ni Ròkíátù ń pè é, kì í sì í la orúkọ mọ́ ọn lórí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Hàkímù."

"Káàárọ̀. Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀? Wọ́n fẹ́ wọn afẹ́fẹ́!" Fàúsátù bú sẹ́rìn-ín. "Kóńgò wo ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Ṣé wọ́n á bu ẹ̀ènì sí i?"

Ròkíátù rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí wọ́n má baà ní ó ń fajú ro. Ó ń ro ògì. Ó ti di oṣù kan báyìí tí Ṣàmsúdéènì kò lè jẹ ẹ̀bà, tí ìrẹsì pàápàá ń ha á lẹ́nu. Bó ṣe ń gbé ògì náà wọlé ni Hàfísátù, ìyá ọkọ rẹ̀, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ògì náà tún ni?"

Ròkíátù kúnlẹ̀. "Òun náà ló lè wọlé, Ìyá."

"Ọkùnrin tó ń lọ ṣiṣẹ́ agbára, o ń fún un ní ohun tí wọ́n fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Báwo lara rẹ̀ ò ṣe ní gbẹ? Kó o tó wọ ilé yìí, ọmọ mi a máa gbé àpò ìrẹsì lórí láti Ọ̀fadà."

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí wá sí Ròkíátù lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ṣàmsúdéènì ti bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ìyá òun mọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Nígbà tó fi máa wọlé, ọkọ rẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Ògì náà tutù sínú abọ́.

Ní ọ̀sán ó se ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja tí kò ní ata, ó gbé e lé orí, ó sì kọjá sí òdìkejì rélùwéè. Láti òkèèrè ló ti rí i pé ilé bàtà kì í ṣe èyí tí òun mọ̀ mọ́. Gbogbo fèrèsé ló wà ní ṣíṣí. Ilẹ̀kùn ńlá tó wà níwájú, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n gbé e ti ògiri. Lẹ́yìn ilé, àwọn àgbá sólúṣọ̀n tó máa ń wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lórí ìlà kan nínú oòrùn, wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Agolo kéékèèké méjì péré ló kù nínú ilé. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀, mẹ́rin ló ń lẹ bàtà. Wọ́n ti kó àwọn tó kù jókòó síbi tí wọ́n ti ń rán awọ.

Ó dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyanjú wọ agbádá funfun, ó ń tẹ̀ lé ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà kì í ṣe òyìnbó bí wọ́n ṣe rò. Bádéjọ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn. Ó mú ìgò kan jáde nínú àpótí, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju ìka lọ, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fa ìlà wẹ́wẹ́ sí lára. Ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó tì í bọ ẹnu rọ́bà kan tó rí bí fèrè mọ́tò. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ imú Mùíbì, ó ń tẹ rọ́bà náà, ó ń jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ sínú. Ó ń fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́.

"Bí oró inú sólúṣọ̀n bá wà nínú afẹ́fẹ́, ohun funfun yìí á di bí àwọ̀ kọfí," ó ṣàlàyé fún wọn. "Bó bá ṣe pọ̀ tó ló máa gùn tó lórí ìlà."

Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé láti ọ̀tún, ó ń jáde ní òsì. Bádéjọ gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bíńtín ni ìdí rẹ̀ yí padà, kò tilẹ̀ kan ìlà àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá yíjú sí Ṣàmsúdéènì.

"Ṣé báyìí náà ni ibí ṣe ń rí lójoojúmọ́?"

Ṣàkírù wúkọ́. Ṣàmsúdéènì gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú ojú ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé. Ròkíátù mi orí fún un pé kó má purọ́. Ó tún un mì.

"Báyìí náà ni, sà," Ṣàmsúdéènì wí.

"Ara yín le?"

"Ó le, sà. A dúpẹ́."

Ó sọ ọ́ láìla ẹnu dáadáa, ó ń fi ètè bo eyín. Bádéjọ tún wò ó díẹ̀ sí i, pàápàá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé rẹ̀ dé. Nígbà tó ń jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ròkíátù, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, ìyá." Ròkíátù kúnlẹ̀ tòun ti oúnjẹ lórí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Adéyanjú alára wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kó tó dìde, wọ́n ti kọjá lọ.

Ọkùnrin náà kò tíì rìn jìnnà tí Ṣàkírù fi pàtẹ́wọ́.

"Ó ti tó! Ẹ gbé ilẹ̀kùn padà. Ẹ ti fèrèsé, eruku ń bà wá níṣẹ́ jẹ́. Ẹ kó àgbá wọlé. Wákàtí mẹ́ta la ti fi ṣòfò, a ò sì ní lọ sílé títí a ó fi dí i."

Bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eruku títì máa ń lẹ̀ mọ́ sólúṣọ̀n, atẹ́gùn sì máa ń mú un gbẹ kí awọ tó jókòó, ìdí nìyí tí inú ilé náà fi máa ń dí pa. Àgbá tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ gbóná. Nígbà tí wọ́n ṣí i, òórùn rẹ̀ jáde lu Ròkíátù lójú lẹ́yìn ọgbà níbi tó wà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi gbé ọkọ rẹ̀ jáde.

Mùíbì àti ẹnì kan ló gbé e. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú Ṣàmsúdéènì, kì í ṣe kíkán, dídà ni, ó ti rin iwájú ṣẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú agbo ilé. Hàfísátù da omi tútù sí i lórí, ó fi ewé dí i nímú, ẹ̀jẹ̀ náà gba ẹnu jáde. Nígbà tí wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ rí àpá dúdú tó gba gbogbo àyà rẹ̀, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bá Ròkíátù wí. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tó wà.

"Ó ti pẹ́ tó báyìí, o ò sì sọ fún mi," ló wí nígbà tó yá, sí ẹní, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ló gòkè. Ẹlòmíràn ní ooru ni. Ròkíátù dìde láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀ níbi tó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé. Ó bọ́ sí ìta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré sí ọ̀nà tẹ́ṣàn.

Fàúsátù ló kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ. "Ròkíátù! Ibo lò ń lọ? Ẹ bá mi dá a dúró!" Kò sẹ́ni tó dá a dúró, nítorí náà Fàúsátù fúnra rẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ìdó ní Èkó kò tíì dé. Bádéjọ jókòó lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ ibòji, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ròkíátù wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ọkọ mi tí ẹ bi léèrè, irọ́ ló pa. Wọn kì í ṣí fèrèsé. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kó àgbá sí. Ẹ padà wá wò ó nísinsìnyí, wọ́n ti tì í!"

Bádéjọ gbé àgbàdo sílẹ̀. "Mo ti kọ ìwé mi, ìyá. Ìgò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, mo sì ní ibi tí mo fẹ́ lò ó lọ́la."

"Ẹ má dá a lóhùn, sà!" Fàúsátù ti dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó gbá Ròkíátù lápá mú. "Orí rẹ̀ ló dàrú, ara ọkọ rẹ̀ ò yá. Dìde níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ni? Kí la máa jẹ? Ọmọ mi mẹ́ta ń lọ sílé ìwé, ọkọ tìẹ nìkan ló ń ṣàìsàn!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá Hàkímù."

"N ò ní fi ọ́ sílẹ̀! Ẹni tó ń ṣàìsàn, kó lọ dùbúlẹ̀. Ti àwọn tó kù ńkọ́?"

Wọ́n ń fa ara wọn láàárín èrò. Gèlè Ròkíátù jábọ́. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lókèèrè, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù wọn. Bádéjọ dìde, ó gbé àpótí lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló rí ìró Ròkíátù.

"Ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?"

"Ti ọkọ mi ni. Ó ń dà lọ́wọ́ báyìí. Ara rẹ̀ ti dúdú káàkiri, bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, á dúdú."

"Eyín rẹ̀ ńkọ́? Ẹran ìdí eyín rẹ̀?"

Ẹnu ya Ròkíátù. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún ọkùnrin náà. "Ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó lé lóṣù kan."

Ọkọ̀ ojú irin wọlé, èéfín bo gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ èrò ló wọlé. Bádéjọ dúró síbi tó wà títí ọkọ̀ náà fi gbéra, tó sì lọ.

Ilẹ̀kùn ilé bàtà wà ní títì nígbà tí wọ́n débẹ̀. Adéyanjú jáde pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, ó ní ṣé ọ̀gá gbàgbé nǹkan ni. Bádéjọ kò dúró gbọ́ ọ, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Nínú ilé, òkùnkùn ṣú díẹ̀, àwọn ọkùnrin tẹ̀ba lórí iṣẹ́, àwọn àgbá wà láàárín wọn ní ṣíṣí. Bádéjọ ṣẹ́ ẹnu ìgò tó kù, ó tì í bọ rọ́bà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ròkíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i. Lẹ́ẹ̀kan tó tẹ rọ́bà, àwọ̀ kọfí náà bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ó kọjá ìlà kìíní. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kọjá ìdajì. Bádéjọ kò ka iye tó ń tẹ̀ mọ́. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó tẹ̀ ẹ́ dé ní àkọ́kọ́ tí ohun funfun inú ìgò náà fi tán, tí gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìlà tán lára ìgò, afẹ́fẹ́ ilé náà kò tíì tán.

"Gbogbo yín, ẹ jáde síta," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Ó kọ ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sólúṣọ̀n ṣiṣẹ́ nínú ilé náà títí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó yóò fi wá. Ó sì tún kọ lẹ́tà kan fún dókítà ní Abẹ́òkúta, ó fún Ròkíátù. Ròkíátù bi í bóyá ọkọ òun á yè. Bádéjọ wo lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgò mi ò lè wọn ìyẹn, ìyá. Ẹ tètè máa lọ."

Lọ́rì kan tó ń kó ìrẹsì lọ sí Abẹ́òkúta gbà láti gbé wọn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dúró níwájú agbo ilé. Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé. Àwọn tó kún ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán kò kún un mọ́. Wọ́n wà ní ẹnu ọ̀nà tiwọn, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Fàúsátù ti gbé ìkòkò Ròkíátù kúrò lórí ààrò tí wọ́n jọ ń lò, ó gbé e sínú eruku.

"Ó ti tán o!" ló ń ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Ó ti jókòó lé oúnjẹ gbogbo wa! Kó máa lọ, kó má padà!"

Lórí ẹní, Ṣàmsúdéènì ṣí ojú. "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti ilé bàtà?"

"Wọ́n ti tì í."

Ó yí ojú sí ògiri. Nígbà tí Ròkíátù fọwọ́ kàn án léjìká, ó yẹra.

Kò sẹ́ni tó wá bá wọn gbé e àfi Mùíbì. Ó gba ẹsẹ̀, Ròkíátù àti Hàfísátù gba orí, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àwọn àpò ìrẹsì. Ìyá rẹ̀ gòkè tòun ti Ìbíwùnmí, ó gbé orí Ṣàmsúdéènì lé itan. Nígbà tí Ròkíátù fẹ́ gòkè, Mùíbì sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka fa ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀.

Ẹran ìdí eyín rẹ̀ ti wú, ó dúdú bí èso àgbálùmọ̀ tó rà. Ẹ̀jẹ̀ fa tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín eyín.

"Láti ìgbà wo?" Ròkíátù bi í lóhùn jẹ́jẹ́.

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Má sọ fún Ìyá Hàkímù."

"Ẹ gòkè, Bàbá Hàkímù. Ẹ bá wa lọ. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi."

Mùíbì mi orí. "Ọ̀gá ti ránṣẹ́. Ó ní ká wá lọ́la, ká gba ẹ̀yìn wọlé. Ìwé tí wọ́n lẹ̀, iwájú ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́." Ó gbójú sílẹ̀. "Kí ni màá ṣe?"

Awakọ̀ ti ṣáná sí mọ́tò. Fàúsátù ti jáde sójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ó ń pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ pé kí ló ń bá a sọ, kó fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Mùíbì pa ẹnu rẹ̀ dé gbáko. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń rìn lọ bá a.

Lọ́rì náà gbéra. Ròkíátù di igi ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó dìde dúró láàárín àwọn àpò. Ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ ké:

"Ìyá Hàkímù! Ẹ wo ẹnu ọkọ yín! Ẹ ní kó la ẹnu!"

Èébú dá dúró lẹ́nu Fàúsátù. Mùíbì fi ọwọ́ bo ẹnu. Eruku ti ń dìde sáàárín wọn, lọ́rì ń sáré, àwọn ènìyàn náà ń kéré sí i. Ohun tí Ròkíátù rí kẹ́yìn ni Fàúsátù tó sún mọ́ ọkọ rẹ̀, tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, tó sì di àgbọ̀n rẹ̀ mú kó lè yí ojú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà.